Sí Múyìwá, Lórí Àwọn Olùrànlọ́wọ́ Tí Ó Kọ Sínú Kọ̀ǹpútà Mi

Múyìwá, Àjàní ọmọ mi,

Inú ilé kan náà la jọ ń gbé, nítorí náà n kò ní bi ọ́ bóyá àlàáfíà lo wà. Mo gbọ́ bí o ṣe ń hanrun láàárọ̀ yìí kí n tó jáde. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá kì í hanrun báyẹn. Èmi náà wà dáadáa. Orúnkún mi òsì ló ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí a jọ jẹ ẹ̀bà lánàá. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fẹ́ bá ọ sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ Àbújá yìí, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta lo sì fi ẹ̀rín dà á nù. “Mọ́mì, mo ṣì ń rò ó.” Ọjọ́ kẹjọ rèé tí o ti ń rò ó. Àwọn tó fẹ́ gbà ọ́ síṣẹ́ sọ pé ọjọ́ Ẹtì ni àwọn fẹ́ gbọ́ èsì, òní sì ti di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo mọ ohun tó ń dá ọ dúró, bí o kò tilẹ̀ sọ ọ́. Èmi ni, àti ṣọ́ọ̀bù táípù mi tó wà ní àdúgbò Lotto yìí. O rò pé bí o bá lọ, kò ní í sí ẹni tó máa bójú tó àwọn ohun tí o kọ sínú kọ̀ǹpútà mi, àti pé ìyá rẹ, opó tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, máa padà sídìí iṣẹ́ àṣekúdórógbó.

Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n sọ ọ́ tán, kí o má bàa rẹ́rìn-ín gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Tí o bá kà á tán, ṣe ohun tí ọkàn rẹ bá sọ. Ṣùgbọ́n kà á tán.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ tìrẹ ti pọ̀ ju tèmi lọ báyìí, mi ò jiyàn. Àkísà ni mo ní tí o kò ní. Jẹ́ n tú díẹ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ, kí o tó di ẹrù rẹ.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ táípù ní Ifọ̀, nínú yàrá kan lẹ́yìn ọjà, níbi tí taipuráítà mẹ́sàn-án wà tí mẹ́fà ń ṣiṣẹ́. Ìyáàfin Fẹhìntọlá ló ń kọ́ wa. Ará Ọ̀yọ́ ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n rúlà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ wa ni bí a ṣe ń gbé àkọlé sí àárín ìwé gẹ́lẹ́. Ọgbọ́n rẹ̀ kò le. Wàá gbé ẹ̀rọ lọ sí àárín ìwé, wàá wá máa ka lẹ́tà inú àkọlé náà ní méjì-méjì. Bí o bá ti ka méjì, wàá tẹ bọ́tìnnì tó ń dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí o bá dúró sí nígbà tí lẹ́tà bá tán, ibẹ̀ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Kì í yẹ̀.

Ṣé èmi wá ń ka lẹ́tà? Mo gbà pé ojú mi mú ju kíkà lọ. Ojú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, mo sì ń fọ́nnu fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé Ọlọ́run ti fi rúlà sí mi lójú. Lọ́jọ́ kan, àwọn àgbẹ̀ kan gbé ìwé ìpàdé wọn wá, wọ́n fẹ́ ẹ̀dà púpọ̀, a pín in láàárín ara wa, méjìlá kàn mí. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, Ìyáàfin Fẹhìntọlá to méjèèjìlá sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní kí n wá wò ó. Àkọlé kan fẹ̀gbẹ́ sósì, èkejì fẹ̀gbẹ́ sọ́tùn-ún, kò sí méjì tó bára mu. Ó ní, “Ṣadé, ojú ẹ mú lóòótọ́. Àmọ́ kì í rántí ibi tó wò lẹ́ẹ̀kan.” Mo tún méjèèjìlá tẹ̀, n kò jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyẹn, Àjàní. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá ti ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, má fi lé ojú lọ́wọ́ mọ́. Fún un ní ìlànà, kí o sì fún un lórúkọ, kí o lè máa pè é nígbà tí o bá nílò rẹ̀.

Mo ń sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ìwọ lo kọ́ mi, mo sì rántí ọjọ́ náà dáadáa. O ti parí àgùnbánirọ̀, o ti padà wálé, iṣẹ́ kò yá. O wá jókòó tì mí nínú ṣọ́ọ̀bù, o fọwọ́ lẹ́rán, o ń wo bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí àìríṣẹ́ṣe má da ọmọ mi lórí rú. Lọ́jọ́ kẹrin lo lanu sọ̀rọ̀. “Mọ́mì, ẹ má bínú o. Iṣẹ́ márùn-ún péré lẹ ń ṣe látàárọ̀. Ẹ kàn ń ṣe é lóríṣiríṣi ni.”

Inú bí mi. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe kí wọ́n tó bí ọ, iṣẹ́ tí mo fi rán ọ lọ sí yunifásítì, o ní márùn-ún péré ni. Mo ní kí o ka márùn-ún náà fún mi kí n gbọ́. O sì kà á: à ń gbé nǹkan sí àárín, à ń fi àyè sílẹ̀, à ń pín ojú ìwé sí apá méjì, à ń to orúkọ, à ń fi ìlà yí nǹkan ká. Mo wá ẹ̀kẹfà títí, n kò rí i. Káàdì ìsọmọlórúkọ, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì, márùn-ún yẹn náà ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú gbogbo wọn. Ọmọ tí kò tí ì fọwọ́ kan taipuráítà rí ló wá fi ojú ọjọ́ mẹ́ta rí egungun iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe látìgbà tí mo ti wà lọ́mọge. N kò sọ fún ọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n orí mi wú.

O wá kọ ohun kan sínú kọ̀ǹpútà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ márùn-ún náà. Àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ ń pè é ní fọ́ńṣọ̀n. Èmi ní olùrànlọ́wọ́ ni, orúkọ yẹn ló sì mọ́ wa lẹ́nu. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe wo ilé kí o tó sọ tìrẹ. O lè fi Gẹ̀ẹ́sì sọ wọ́n, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́. Ṣùgbọ́n o wo ẹni tó máa lò wọ́n, o sì pè wọ́n ní gbe_saarin, fi_aye_sile, pin_si_meji, to_bi_agba àti fi_ila_yika. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo tẹ gbe_saarin, tí mo fi orúkọ ìyàwó àti ọkọ sínú àkámọ́ tó wà níwájú rẹ̀, tí orúkọ náà sì lọ dúró sí àárín ìwé bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́, mo rántí Ìyáàfin Fẹhìntọlá. Mo fẹ́ kí ó rí ọ.

Ibi tí ò ń lọ, wàá bá àwọn tó ń pe irinṣẹ́ wọn ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ ìtumọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì. Má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí ìyá rẹ náà wà lára wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà, ìwọ ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà, mo pe iṣẹ́ kan ní Tuntun. Nígbà tí mo tún un ṣe, mo pè é ní Tuntun Gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo ṣe Tuntun Èyí Ni. Tí iṣẹ́ mìíràn bá wá dé, n kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Màá ṣí ti àtijọ́, màá sì máa pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́, màá máa tẹ tuntun lé e lórí. Gbogbo àwa tá à ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lójú títì márosẹ̀ la máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀, a máa ń sọ pé ó yá.

Ó yá lóòótọ́. Ìgbéyàwó kan wáyé ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ibafo, igba ìwé ni wọ́n ní kí n ṣe. Tuntun Gan-an ni mo ṣí, ìwé ìsìnkú ìyá arúgbó kan. Mo pa orúkọ olóògbé rẹ́, mo fi ti ìyàwó sí i. Mo yọ orin ìdágbére, mo fi ti ayọ̀ sí i. Ojú ìwé tó kẹ́yìn nìkan ni n kò wò. Àárín ìsìn ni ìyá ìyàwó dìde wá bá mi níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn, ó fi ìka tọ́ka sí ẹ̀yìn ìwé náà, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ gan-an. “Ìyá Múyìwá, ta ló kú?” Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni: Sùn un re o, Màmá, ó dìgbà kan ná. Mo bá ara mi nínú yàrá kékeré tí àwọn akọrin ti ń wọ aṣọ, èmi àti bíléèdì, mò ń gé ojú ìwé ìkẹyìn kúrò lára àwọn ìwé tí wọn kò tí ì pín. Èyí tí wọ́n ti pín ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Títí di òní, tí mo bá rí obìnrin náà níwájú, mo máa ń rántí pé mo gbàgbé nǹkan sílé, màá sì ṣẹ́rí padà.

Nítorí náà ni ohun tí o sọ lọ́jọ́ kejì tí o bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà fi wọ̀ mí lára. Mo ní kí o jẹ́ ká fi orúkọ ìdílé kan sínú olùrànlọ́wọ́ náà kí n má bàa máa tẹ̀ ẹ́ nígbà gbogbo, torí wọ́n jẹ́ oníbàárà mi tí kì í yẹsẹ̀. O ní, “Rárá, Mọ́mì. Fọ́ńṣọ̀n ò gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ẹni tó kú. Iṣẹ́ ló mọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa gbé orúkọ fún un nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá pè é.” Mo ti ní bíléèdì lọ́wọ́ rí, Múyìwá, mo mọ iye tí ọ̀rọ̀ yẹn tó. Di ìlànà yẹn mú ní Àbújá. Wọn á máa kán ọ lójú, wọn á ní kí o kàn fi ti oníbàárà kan há inú rẹ̀ torí ó ń kánjú. Jẹ́ kí irinṣẹ́ rẹ wà ní ọwọ́ òfo títí ẹni tó pè é yóò fi gbé nǹkan lé e lọ́wọ́.

Èyí tó tẹ̀ lé e, ìtìjú ló máa ń bá mi tí mo bá rántí rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Ifọ̀, mo máa ń gba iṣẹ́ àdáṣe lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ìdílé Ṣódípẹ̀ ní kí n bá àwọn tẹ orúkọ àwọn ọmọ bàbá wọn tó kú. Mẹ́jọ ni wọ́n. Mo ní kí ó lè fani mọ́ra, mo pín ìwé sí méjì. Mo tẹ àkọ́bí sápá òsì, ìkejì sápá ọ̀tún, ìkẹta sápá òsì lábẹ́ àkọ́bí, ìkẹrin sọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ títí dé ọmọ ìkẹjọ. Lójú tèmi, ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń ka orúkọ lọ sọ́tùn-ún níbi ìsìnkú. Wọ́n á ka apá òsì tán wá sísàlẹ̀ kí wọ́n tó bọ́ sí apá kejì. Lójú gbogbo ará Ifọ̀ tó mú ìwé náà dání, ọmọ keje ti ṣáájú ọmọ kejì.

Ọmọ kejì náà, obìnrin ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọ́fíìsì ló wá bá mi, lójú àwọn ọ̀gá mi. Mo kúnlẹ̀ kí i, kò ní kí n dìde. “Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọn ọmọ tí o gbé ṣáájú mi yẹn. Mo pọ̀n ọ́n lọ sóko, mo pọ̀n ọ́n bọ̀. Ta ló wá sọ fún ẹ pé ó gbà mí lágbà?” Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé ìwé náà lẹ́wà? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Nínú ilé tí bàbá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ibi tí wọ́n to orúkọ sí lè di ibi tí wọn yóò to èèyàn sí. Mo tún un tẹ̀, mo sì lọ bẹ̀ ẹ́ nílé lẹ́ẹ̀mejì.

N kò tí ì sọ ìtàn yìí fún ọ rí. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè rẹ fi bá mi lójijì, kí o tó kọ pin_si_meji. O kò tí ì tẹ lẹ́tà kan. O mú ìwé ìsìnkú àtijọ́ kan dání, o ní, “Mọ́mì, táwọn èèyàn bá ń ka orúkọ níbí, ṣé wọ́n máa ń kà á wá sísàlẹ̀ ni, àbí wọ́n máa ń kà á lọ sọ́tùn-ún?” Mo dáhùn, mo sì ní mo fẹ́ lọ pọn omi. Omi wà nílé. Mo lọ dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni, mo nu ojú mi. Ohun tí mo fi ìkúnlẹ̀ kọ́, ọmọ mi fi ìbéèrè kan ṣoṣo kọ́ ọ. Mo yọ̀ sí ọ lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tí o gba ìwé ẹ̀rí lọ. Má ṣe jẹ́ kí ibi iṣẹ́ ńlá gba ìbéèrè yẹn lẹ́nu rẹ. Ẹni tó máa ka ìwé náà ni kí o kọ́kọ́ bi, kí o tó bi kọ̀ǹpútà.

Ó ku àkísà kan tó tóbi, mi ò fẹ́ tú u, ṣùgbọ́n òun gan-an ló kàn ọ́.

Taipuráítà ní àwọn irin kéékèèké kan ní ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí èèyàn lè tò sí ibi tó bá fẹ́, kí gbogbo ìlà lè bẹ̀rẹ̀ láti ojú kan náà. Ní ọ́fíìsì yẹn, ìwé onílà ńlá kan wà tí à ń pè ní tábìlì, tí wọ́n máa ń tẹ̀ lóṣooṣù, ìlà rẹ̀ pọ̀ bí irun orí, èmi nìkan ni mo mọ ibi tí irin kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wà. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pélébé kan tó ń gbé inú báàgì mi. Ọmọbìnrin kan wà lábẹ́ mi, Kúdírátù, oníwà tútù. Ó bẹ̀ mí títí pé kí n kọ́ òun. Mo ní, “Máa wò mí, wàá mọ̀ ọ́n.” Ní ìrọ̀lẹ́, kí n tó lọ sílé, mo máa ń da gbogbo irin náà rú kí ó má bàa rí i kọ́. Mo rò pé mò ń sọ ara mi di ẹni tí wọn kò lè ṣe aláìní.

Oyún rẹ dé. Ó pé oṣù mẹ́jọ, ẹsẹ̀ mi wú, dókítà ní kí n má dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tábìlì pé, wọ́n rán mọ́tò wá gbé mi. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, bínú gan-an. Mo lọ, mo jókòó sídìí taipuráítà, ikùn mi kò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn, Kúdírátù ń fi ìwé fẹ́ mi lójú. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe pé mo jẹ́ ẹni pàtàkì. Ara mi ni mo fi okùn so mọ́ àga. Mo fa ìwé pélébé náà yọ, mo fún un. Ojú ẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ.

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ ni pé irinṣẹ́ tó dára ni èyí tí ẹlòmíràn lè ṣí, kí ó kà á, kí ó sì tún un ṣe nígbà tí o kò bá sí nílé. Tí ẹnì kan bá yí nǹkan padà nínú èyí tí o kọ, má bínú sí i. Ó ń sọ fún ọ pé ó yé òun ni.

Mo fẹ́ parí lẹ́tà yìí síbí, kí n gbàdúrà, kí n fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tí mo ti kà sílẹ̀ látòkè, ti ìgbà èwe ni gbogbo wọn. Èyí tó kù, kò tí ì pé oṣù kan.

O rántí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí o lọ sí Èkó kí àwọn ará Àbújá lè fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò. Kété tí ọkọ̀ rẹ lọ, àwọn ará ìdílé kan dé láti Ibafo. Bàbá wọn kú, ó fi ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kó ìwé lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo tẹ orúkọ àti ọjọ́ orí gbogbo wọn, mo pe to_bi_agba, ó tò wọ́n láti orí àgbà dé orí àbúrò bí o ṣe kọ́ ọ. Olórí ẹbí wò ó, ó mi orí. “Ìyá Múyìwá, ẹ ṣeun, àmọ́ ilé tiwa ò rí báyìí. Ìdí-igi la fi ń to nǹkan. Àwọn ọmọ ìyálé á kọ́kọ́ tán, kó tó kan ọmọ ìyàwó kejì, kó tó kan ti ìkẹta. Ẹ má jẹ́ ká dá ìjà sílẹ̀ o.” Ọ̀rọ̀ Ṣódípẹ̀ padà wá sí mi lọ́kàn.

Mo gbé fóònù, mo wá orúkọ rẹ jáde. Mo wá rántí pé iwájú àwọn èèyàn yẹn lo wà. Mo gbé e sílẹ̀. Mo wọ awò ojú mi, mo ṣí ibi tí o kọ àwọn olùrànlọ́wọ́ sí, ibi tí n kì í dé. Mo kà á bí ẹni ka lẹ́tà, ó sì yé mi, torí èdè mi lo fi sọ wọ́n lórúkọ. Mo wá rí i pé kò sí ohun tuntun tí mo fẹ́ kọ́ to_bi_agba. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń to ọmọ ìyá kan. Kí n kàn rán an lẹ́ẹ̀mẹta ni: kó lọ to ti ìyálé, kó padà wá to ti ìkejì, kó tó to ti ìkẹta, kí fi_aye_sile sì dúró láàárín wọn. Mo fún un ní orúkọ kan, to_bi_idi. Ìgbà àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà fi lẹ́tà pupa bú mi, torí mi ò pa àkámọ́ dé. Ìgbà kejì, ọmọ ìyàwó kejì gun orí ọmọ ìyálé. Wọ́n ti pe ìrun alaasari ní mọ́sáláṣí tó wà lójú kejì kó tó bọ́ sípò. Olórí ẹbí fi ìka tẹ̀ lé orúkọ náà wá sísàlẹ̀, ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní, “Báyìí ni ilé wa rí.” Wọ́n gba ìwé wọn, wọ́n lọ.

O dé ní ìrọ̀lẹ́, o bi mí pé, “Mọ́mì, kò sí wàhálà kankan?” Mo ní kò sí. Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde fún ọ ní ọjọ́ mẹ́jọ sẹ́yìn, o tún bi mí pé, “Tí iṣẹ́ tó le bá dé tí mi ò sí ńlé ńkọ́?” Mo mí kanlẹ̀, mo ní Ọlọ́run á ṣe é. Mo rí bí ojú rẹ ṣe rẹ̀wẹ̀sì. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe, Múyìwá. To_bi_idi wà nínú kọ̀ǹpútà ní àkókò tí mò ń mí kanlẹ̀ yẹn. N kò jẹ́ kí o mọ̀, nítorí pé tí o bá mọ̀, wàá lọ. Mo fẹ́ràn ìró bàtà rẹ nínú ilé. Mo fẹ́ràn kí ẹnì kan máa bi mí ohun tí mo fẹ́ jẹ. Ó sì wù mí kí ọmọ tí mo ń fọ́nnu nípa rẹ̀ káàkiri Lotto máa jókòó síbi tí mo ti lè máa rí i. Mo sì jẹ́ kí o máa rò pé ṣọ́ọ̀bù ló nílò rẹ. Lójú tèmi, ohun tí mo ṣe sí Kúdírátù sàn ju èyí lọ, torí ọmọ ẹlòmíràn nìyẹn.

Dárí jì mí. Lọ ṣí kọ̀ǹpútà, wàá rí ohun tí mo kọ lábẹ́ tìrẹ. Kò dára tó tìrẹ, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́, ìwọ lo sì jẹ́ kó ṣeé ṣe, torí o kọ́ àwọn tìrẹ lọ́nà tí arúgbó fi lè dúró lé wọn lórí. Ọpọlọ tí Ọlọ́run fún ọ, kí ó má ṣe kó sínú ṣọ́ọ̀bù kan tán. Kí ọ̀nà là fún ọ. Kí o bá àwọn tó máa mọ iyì rẹ pàdé. Kí ojú mi rí i.

Tí o bá lọ, mo máa sunkún, má jẹ́ kí n tàn ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n mo lè ṣe iṣẹ́ yìí láìsí ọ, mo sì ti ṣe é. Má dúró de ọjọ́ Ẹtì. Kọ̀wé sí wọn lónìí, sọ fún wọn pé ò ń bọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ṣadé